Kọ̀ǹpútà rí sẹ́ẹ̀lì tó kú, kò rí ìwòsàn

"Wọ́n ti yẹ àgbo yìí wò ní láàbù, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó ń pa jẹjẹrẹ." Bí ẹnì kan bá sọ báyìí fún yín ní ọjà Bódè n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé kọ̀ǹpútà rí sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara) tó kú. Ibẹ̀ náà ni ó mọ.

Inú awo oníhò 96 tàbí 384 ni wọ́n ń pín sẹ́ẹ̀lì sí, wọ́n á kán oògùn sí i, ẹ̀rọ á sì ya fọ́tò ihò kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, ojú èèyàn ló ń kà á: wọ́n á fi aró trypan blue sí i. Awọ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ti bàjẹ́, aró á ráyè wọlé. Èyí tó wà láàyè kò ní gbà á. Wọn kò bí ìmọ̀ yìí mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tí aró tàbí èèyàn ti sàmì òkú àti alààyè sí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní 2018, àwọn olùwádìí Google àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé kọ̀ǹpútà lè dá òkú sẹ́ẹ̀lì mọ̀ nínú fọ́tò tí kò ní aró rárá.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí, pàápàá nítorí àwọn tó ń yẹ ewé wò. MTT, àyẹ̀wò tó ti wà láti 1983, máa ń di àwọ̀ àlùkò níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá wà láàyè. Àmọ́ omi ewé mìíràn lè sọ ọ́ di àlùkò láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀! Fọ́tò máa ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ń ṣìnà. Omi tètè ń gbẹ ní ihò etí awo; bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo oògùn wà, etí awo ló máa kọ́, kì í ṣe ikú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi awo ọjọ́ mìíràn dán an wò.

Ká tiẹ̀ ní kò ṣìnà. Ẹ da Jik sínú awo náà, kọ̀ǹpútà á ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti kú, òótọ́ ló sì sọ. Ta ló máa mu Jik? Ohun tó yẹ ká bi ẹni tó ń ta àgbo ni pé: ìwọ̀n tó pa jẹjẹrẹ yẹn, kí ló ṣe fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá? Ṣé wọ́n ti dán an wò lára ẹranko, lẹ́yìn náà lára èèyàn?

Ewé ń di oògùn lóòótọ́. Lára periwinkle, òdòdó tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé, ni vincristine ti wá, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ń fà á sí, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju mílígíráàmù 2 lọ, torí pé bó bá pọ̀ jù, iṣan ìmọ̀lára ló máa bàjẹ́.