Apínhùn ni, kì í ṣe olùṣètò ẹ̀rọ orin

Ìwé ètò eré onílórin kan tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta níbí ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Mo jókòó, mo ṣí ìwé náà, mo ń ka orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ orin wà níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé orí ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ òru pín orin náà fún fèrè, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, fáyólíìnì àti ìlù, ohun tí wọ́n pè é ni "olùṣètò ẹ̀rọ orin". Inú bí mi gan-an. Olùṣètò ẹ̀rọ orin ni ẹni tó ń gbé sípíkà, tó ń so wáyà, tó ń wá jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Nínú ìwé kan náà, "kọ́ńdọ́kítọ̀" ni wọ́n pe ẹni tó di ọ̀pá mú níwájú àwọn olórin. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Láfẹ́ńwá lọ sí Kútọ̀ mọ ẹni tí à ń pè ní kọ́ńdọ́kítọ̀.

Ti kọ́ńdọ́kítọ̀ kò le. Olùdarí ni, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ká fi í síbẹ̀. Ẹni tó pín orin náà fún àwọn ohun èlò ni mo fẹ́ jà fún. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀kẹ́sítírétọ̀, ọ̀rọ̀ tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, tí kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tó gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn ní "aṣètò orin". Ètò wo? A ní ètò ìsìnkú, ètò ìdìbò, ètò ìlera. Ọ̀rọ̀ náà ti ru ẹrù jù. Aṣètò orin lè jẹ́ ẹni tó kàn to orin tí a máa kọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú sínú bébà.

Apínhùn ni èmi ń pè é. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí ní ìlú yìí nírọ̀lẹ́ tí kúáyà bá ń dánra wò, ẹ ó gbọ́ tí ọ̀gá akọrin ń ké sí àwọn tẹ́nọ̀ pé kí wọ́n padà sí ohùn wọn. Ohùn mẹ́rin là ń kọ. Bí orin bá dé ní ohùn kan ṣoṣo, ọ̀gá á ní òun máa pín in. "Ohùn" wà lẹ́nu wa, "pín" wà lẹ́nu wa. Ìlú tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti fi orin wàásù, tó sì ti ibẹ̀ dé London ní 1922 lọ kọ orin Yorùbá sínú àwo, kò yẹ kó máa tọrọ orúkọ fún iṣẹ́ orin.

Olùkọ́ Yorùbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún kò gbà fún mi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà máa ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, pé ìpinhùn ni àdéhùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pin kì í ṣe pín. Bí a bá ní ká máa sá fún ọ̀rọ̀ torí pé òmíràn jọ ọ́, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ kò ní lè gbé inú èdè kan náà. Ó tún ní èèyàn ló ní ohùn, pé ìró ni ti ohun èlò, kí n sọ ọ́ di "apínró". Mi ò lè gbà. Ìbọn ní ìró, ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá dé ní ìró. Ta ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù dùndún, tí yóò gbọ́ tí ìyáàlù ń ki bàbá rẹ̀, tí yóò sì sọ pé ìyáàlù kò ní ohùn?

Iṣẹ́ náà gan-an ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìtòkú, lọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ. Ẹni tó kọ orin ló mú aṣọ funfun wá: ohùn orin àti dùùrù tó gbè é lẹ́sẹ̀. Apínhùn ni ìyá tó mú ìyẹ́ adìẹ, tó ń tì í bọ inú ẹ̀kọ, tó ń fi ya ọnà sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ohun tó ń rò jù ni ibi tí yóò wà ní funfun. Olùdarí ló wà nídìí ìkòkò aró lọ́jọ́ tí a bá rẹ ẹ́: òun ló mọ ìgbà tí aṣọ ń wọlé, ìgbà tó ń jáde gba atẹ́gùn, ìgbà tó tún ń padà. Kò lè yí ọnà padà mọ́, àmọ́ bí ó bá kánjú, aṣọ á ṣì.

Mo rí ti funfun yìí lójú ara mi. Mo pín orin eré Àjíǹde kan fún dùùrù, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì méjì, gángan àti gúdúgúdú. Ibì kan wà tí ìyá ọmọ ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ń fọn, ẹnu obìnrin náà ń mì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gba ìwé ohùn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, mo fi rọ́bà pa ìlà mẹ́ta rẹ́, mo fi gángan nìkan sílẹ̀. Nígbà tí a tún un kọ, àwọn àgbà ìyá tó jókòó lẹ́yìn gbé orí sókè.

Ìṣirò mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Nínú eré onílórin ti New York, olórin kan lè máa fọn fèrè, kilarinẹ́ẹ̀tì àti sakisofóònù nínú eré kan ṣoṣo. Apínhùn gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ kí ó lè gbé ọ̀kan kalẹ̀ kí ó sì mú èkejì. Àwọn kan á ní ẹni tó ń tún orin tò yàtọ̀ sí apínhùn. N kò ní bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ apínhùn, ìdí dùùrù ìdánrawò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ti ìdí dída orin kọ. Robert Russell Bennett, tí wọ́n bí ní 1894, da orin kọ ní New York kó tó di apínhùn tí gbogbo àwọn tó ń ṣe eré onílórin ń wá. Òun ló pín ohùn eré onílórin Show Boat ní 1927 àti Oklahoma! ní 1943. Leonard Bernstein mọ iṣẹ́ náà dáadáa, síbẹ̀ ó mú apínhùn méjì, Sid Ramin àti Irwin Kostal, mọ́ra fún West Side Story, eré tó kọ orin rẹ̀, ní 1957, torí àkókò kì í tó; orin lè yí padà ní ọ̀la, ìpínhùn á sì yí tẹ̀lé e. Ẹ̀bùn Tony, tí wọ́n ń fún àwọn eléré ìtàgé New York, bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún apínhùn ní tirẹ̀, Jonathan Tunick ló sì kọ́kọ́ gbà á. Àádọ́ta ọdún! Nígbà tí wọ́n sì gbé ìtàn Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta wa, lọ sí Broadway, àdúgbò eré ìtàgé ní New York, ní 2009, orin rẹ̀ tó lè gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kò kàn lè fò gun orí ìtàgé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti gé e, kí wọ́n sì tún un pín.

Apínhùn ni ẹni náà, ìpínhùn ni iṣẹ́ rẹ̀, ìwé ohùn sì ni bébà tó wà níwájú olórin kọ̀ọ̀kan. Ìwé ètò eré wa tó ń bọ̀ ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀rọ̀ náà wà lójú ewé kejì, àmì sì wà lórí í.