Agbowó-orí kánsù gbé maṣíìnì mi lọ: ṣé ó lágbára bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní. Ọkùnrin kan wá láti kánsù pẹ̀lú géńdé mẹ́ta, ó fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ oríṣi owó mẹ́rin sí, ó ní àfi kí n san gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ló bá ní kí wọ́n gbé maṣíìnì mi sínú mọ́tò, wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ tiwọn ti ilẹ̀kùn mi pa. Ó ní tí mo bá fẹ́ kọ́rọ̀ náà tán síbẹ̀, kí n fi nǹkan ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun. Lóòótọ́ o, mi ò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún yìí. Ṣé ó lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Gbólóhùn tẹ́ ẹ fi kádìí ọ̀rọ̀ yín yẹn, pé ẹ ò tíì san owó ọdún yìí, òun ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́. Wọ́n á ní ṣebí àwọn jẹ gbèsè, kí làwọn fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ronú bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ yìí, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ṣé ẹ jẹ owó lóòótọ́, ṣé iye tó kọ síwèé ló yẹ kẹ́ ẹ san, àti pé ṣé ọ̀nà tó gbà bèèrè owó yẹn bófin mu. Ẹ lè jẹ owó kóun náà sì ti rú òfin, ìkan ò pa ìkejì rẹ́.

Ìbéèrè: Owó wo gan-an ni kánsù lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn: Òfin àpapọ̀ kan wà láti 1998 tó to orúkọ owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, kálukú pẹ̀lú apá tiẹ̀. Lápá ti ìjọba ìbílẹ̀ ẹ ó rí owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósìkì, owó ilé tí wọ́n ń pè ní tenement rate, owó gáréèjì, owó ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, owó ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ìbí àti ikú, owó bárò àti kẹ̀kẹ́, owó àwọn tó bá fi ayẹyẹ dí títì, owó pátákó tẹ́ ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí, àti owó ọjà, àmọ́ kì í ṣe ọjà tí owó ìpínlẹ̀ bá wà nínú ẹ̀. Torí náà ẹ mú ìwé tó fún yín yẹn, kẹ́ ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí owó-orí lórí èrè iṣẹ́ ìránṣọ yín níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ni ìyẹn, kì í ṣe kánsù, àti pé látìgbà tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fúnni lọ́dún ò ní owó-orí lórí mọ́.

Ìbéèrè: Ó sọ pé kọ̀ntírátọ̀ ni àwọn, pé kánsù ló gbé iṣẹ́ náà fún àwọn.

Ìdáhùn: Ibí yìí ló máa ń dùn mí jù. Abala 2 nínú òfin 1998 yẹn sọ pé ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe àjọ agbowó tí òfin mọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣírò owó lé ẹnikẹ́ni lórí, kò sì gbọ́dọ̀ gbà á, àti pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan dí títì torí owó-orí tàbí lẹ́fì. Ẹni tó bá ṣe é, ₦50,000 ni owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Síbẹ̀ ẹ ẹ́ rí àwọn ọ̀dọ́ tó to igi àti táyà sójú títì tí wọ́n ń dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró ní ọ̀sán gangan, tí dírẹ́bà á sì ní láti lẹ sítíkà kánsù bíi mẹ́fà mọ́ gíláàsì ọkọ̀ kó tó lè kọjá. Ẹni tí kánsù bá rán sí yín, ẹ ní kó fi káàdì iṣẹ́ ẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ sì wo ìwé tó mú wá bóyá orúkọ kánsù àti báílọ́ọ̀, ìyẹn òfin tí kánsù fúnra ẹ̀ ṣe, tí wọ́n gbé e lé wà lórí ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n tiẹ̀ lè gbé ẹrù èèyàn rárá?

Ìdáhùn: Mi ò ní tàn yín, òfin fàyè gbà á nígbà míì. Abala 44 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ò jẹ́ kí wọ́n gba dúkìá ẹnikẹ́ni lọ́nà àìtọ́, àmọ́ ó yọ gbígba owó-orí sílẹ̀ tó bá jẹ́ pé òfin kan ló sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ "tó bá jẹ́ pé òfin kan" yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ ní kí wọ́n fi abala tó ní kí wọ́n gbé maṣíìnì hàn yín nínú báílọ́ọ̀ kánsù. Àní owó-orí tí ìpínlẹ̀ ń gbà, òfin tí wọ́n lò títí di ìparí 2025 ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga kí wọ́n tó já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì fi ọjọ́ 14 sílẹ̀ kí wọ́n tó ta ohun tí wọ́n gbé, àjọ ńlá bẹ́ẹ̀ yẹn ni wọ́n fi òfin dè, ká tó wá sọ ti ọkùnrin kan tó ní mọ́tò àti géńdé mẹ́ta.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ tì yín mọ́lé, abala 35 nínú ìwé òfin 1999 yẹn kan náà ní kí wọ́n gbé yín dé kọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ kan tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbẹ̀.

Ìbéèrè: Owó tó ní kí n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ránṣẹ́ o. Owó ìjọba kì í gba àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Tó bá fi nọ́ńbà àkáǹtì yẹn ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ má pa á rẹ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ pa mọ́, torí òun gan-an lẹ̀rí yín tó lágbára jù. Òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti 2000, abala 19, ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5 láìsí owó ìtanràn ni fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fi ipò ẹ̀ wá èrè tí kò tọ́ fún ara ẹ̀ tàbí fún èèyàn ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀sùn ṣì ni títí kọ́ọ̀tù fi máa dá a, torí náà ohun tójú yín rí nìkan ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ má pe orúkọ ẹ̀ ní olè níbi táwọn èèyàn pọ̀ sí.

Ìbéèrè: Àwọn èèyàn ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé kò sẹ́ni tó ń bá kánsù jà tó ń borí.

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ẹ̀gbá. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn agbowó-orí ìgbà yẹn ni pé wọ́n ń já wọlé onílé, pé wọ́n ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó owó-orí í san. Àwọn obìnrin ọjà, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde ní 1947, wọ́n sùn sí iwájú ààfin, wọ́n kọ̀wé lórí ìwé, ìjọba dá owó-orí obìnrin dúró, Aláké fúnra ẹ̀ sì kúrò lórí ìtẹ́ ní January 1949. Ní 1968 àwọn àgbẹ̀ tó dá Àgbẹ́kọ̀yà sílẹ̀ náà dìde torí owó-orí àti ìlọ́nilọ́wọ́gbà àwọn òṣìṣẹ́ kánsù, ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀ láyé wa yìí, àmọ́ ìjọba dín owó náà kù.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣe lọ́la?

Ìdáhùn: Ẹ kọ lẹ́tà ṣókí sí alága kánsù, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà mọ́tò, irú maṣíìnì àti nọ́ńbà ara ẹ̀, kẹ́ ẹ so fọ́tò ìwé tó fún yín mọ́ ọn. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu sítáǹpù sí èyí tẹ́ ẹ máa mú dání lọ sílé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ṣe tán láti san owó ṣọ́ọ̀bù tó tọ́, kẹ́ ẹ sì san án ní báńkì tàbí níbi tí kánsù ti ń fún èèyàn ní risíìtì, kí wọ́n má baà fi ìyẹn ká yín lọ́wọ́ kò. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé ẹ̀dà yẹn lọ sí Public Complaints Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, 1975 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, wọn kì í gba owó. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní June 2025 tún dá ọ́fíìsì Tax Ombud, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí owó-orí, sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ báyìí. Ẹ wá aránṣọ méjì tàbí mẹ́ta tí ọkùnrin yẹn ti ṣe irú ẹ̀ fún, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí lẹ́tà náà kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.