Egbò sarpagandha kì í fi ìfọ̀kànbalẹ̀ kún ara

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Íńdíà ti ń lo egbò igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sarpagandha fún àìróorunsùn, fún wèrè àti fún oró ejò. Àṣìṣe kan wà tí kò tán lẹ́nu àwọn tó ń ròyìn rẹ̀: wọ́n ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń fi kún ara. Irọ́ ni. Kò fi nǹkan kan kún un. Ohun tí ara tọ́jú pa mọ́ ló ń mú kó tán.

Reserpine ló ń ṣe iṣẹ́ náà, èròjà tí àwọn onímọ̀ yọ nínú egbò yìí ní Switzerland lọ́dún 1952. Ní ìparí àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, àwọn àpò wínníwínní wà tí ara ń kó noradrenaline, dopamine àti serotonin sí, àwọn èròjà tí iṣan fi ń jíṣẹ́. Bí àká àgbàdo ni wọ́n rí. Reserpine á mú ẹni tó ń kó àgbàdo wọlé so mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó wà níta, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ yìí ni ẹ́ńsáìmù tí ara fi ń palẹ̀ ohun tó ṣẹ́ kù mọ́. Èyí tó wà nínú àká náà ń jò síta díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ á tún gbé e mì. Bí ọpọlọ bá wá ránṣẹ́ pé kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, àká ti ṣófo. Òpó ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ọkàn á máa rọra lù, ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀.

Àká ńlá kì í ṣófo lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí agbára reserpine tó hàn tán, bí aláìsàn bá sì dá a dúró, ó di ìgbà tí iṣan bá ṣe àpò tuntun kí ara tó padà sípò. Ẹni tó bá sọ ìwọ̀n rẹ̀ di méjì ní ọjọ́ kẹta torí pé kò tíì rí àyípadà, ewu ló ń kó jọ.

Ọgbọ́n ńlá ni kí oògùn máa lo ìmọ́tótó ara fúnra rẹ̀ báyìí, àmọ́ kò mọ àká kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ó ń kó ti inú ọpọlọ náà, nítorí náà ni ìbànújẹ́ ọkàn àti ara líle bíi ti àrùn Parkinson ṣe lè tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1957, Arvid Carlsson, ará Sweden, fún àwọn ehoro ní reserpine títí wọn ò fi lè mira mọ́. Nígbà tó fún wọn ní DOPA, èròjà tí ara fi ń ṣe dopamine, wọ́n tún ń rìn. Láti ibẹ̀ ni ìtọ́jú Parkinson ti ṣẹ̀, ó sì wà lára iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2000.

Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò fún wèrè jẹ́ mọ̀lẹ́bí sarpagandha, reserpine sì wà nínú egbò tiwa náà.