Aláǹgbá Onírùngbọ̀n: Ooru àti Ìmọ́lẹ̀ Ló Ṣáájú Oúnjẹ

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bearded dragon, aláǹgbá onírùngbọ̀n tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ gbígbẹ àárín Ọsirélíà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé kí ni yóò máa jẹ. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹranko yìí kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ooru tó bá yá níta ló fi ń da oúnjẹ. Bí ara rẹ̀ bá tutù, kòkòrò tó gbé mì lè jókòó sínú ikùn títí yóò fi rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kálísíọ̀mù: bí kò bá rí UVB, ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn tí ojú wa kò lè rí, ara rẹ̀ kò ní lè ṣe fítámì D3, ìwọ̀nba kálísíọ̀mù ni ìfun rẹ̀ yóò sì lè gbà. Púpọ̀ nínú aláǹgbá tí wọ́n ní “kì í jẹun” kò ní ìṣòro oúnjẹ rárá. Iná rẹ̀ ni ká lọ yẹ̀ wò.

Tó bá dàgbà tán, láti imú dé ṣóńṣó ìrù, ó máa ń tó 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Nítorí náà, àpótí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 60 ní ìbú àti 60 ní gíga. Gígùn yẹn kì í ṣe fáàrí. Ó gbọ́dọ̀ ní òpin kan tó gbóná àti òpin kan tó tutù, kí ẹranko náà lè máa rìn láàárín méjèèjì. Àpótí kúkúrú a máa gbóná jákèjádò, kò sì ní ríbi sá sí. Ẹ má fi méjì sínú àpótí kan. Akọ méjì yóò jà, àwọn ọmọ a sì máa gé ara wọn ní ìka àti ìrù jẹ. Ti pé ọ̀kan gun orí èkejì lábẹ́ iná, ìfẹ́ kọ́. Ooru ló ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Gílóòbù tó ń mú ooru wá, òpin kan ni kó wà, kó máa tàn sórí òkúta pẹlẹbẹ tàbí igi tí aláǹgbá lè gùn láti yá oòrùn. Ojú òkúta yẹn gan-an ni kó wà láàárín 38 sí 42°C. Òpin tó tutù, 24 sí 28. Ẹ fi tọ́mọ́mítà oníwáyà tàbí èyí tí a ń na sí nǹkan wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara dígí, ooru dígí ló ń sọ fún yín. Ẹ so gílóòbù náà mọ́ tọ́mọ́sítáàtì, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ìwọ̀n ooru, kẹ́ ẹ sì fi àwọ̀n bò ó bó bá wà nínú àpótí, torí aláǹgbá lè fò mọ́ ọn. Lóru, ẹ pa gbogbo iná. Bí yàrá bá tutù ju 18°C lọ nìkan ni ẹ óò nílò amúgbóná tí kì í tan ìmọ́lẹ̀. Gílóòbù pupa tàbí aláwọ̀ aró kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Ní ti òkúta oníná tí wọ́n sábà máa ń tà pọ̀ mọ́ ẹranko yìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Òkè ni aláǹgbá ń retí ooru. Ó lè lẹ̀ mọ́ òkúta náà títí ikùn rẹ̀ yóò fi jó.

UVB ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe. Iná ọ̀pá gígùn T5, tó ní UVB ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe gílóòbù kékeré aláyìípo. Kí ó gùn tó ìdajì àpótí ó kéré tán, kó sì wà ní òpin kan náà pẹ̀lú gílóòbù ooru, kí aláǹgbá lè rí méjèèjì nígbà kan náà. Jíjìnnà rẹ̀ sí ẹ̀yìn aláǹgbá, ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Àwọ̀n irin tó bá wà láàárín wọn yóò dín agbára rẹ̀ kù gidigidi. Oòrùn tó gba ojú fèrèsé dígí wọlé kò ka, torí dígí ń dá UVB dúró. Ọ̀pá náà yóò ṣì máa tàn lójú yín lẹ́yìn ọdún kan, bẹ́ẹ̀ UVB inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi sí i sára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12. Wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́ ni kó máa tàn. Táímà yóò bá yín ṣe é.

Bébà tàbí táìlì ni kẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Iyanrìn a máa bá kòkòrò wọlé sí i lẹ́nu, a sì máa dí ìfun. Èyí tí wọ́n pè ní iyanrìn kálísíọ̀mù burú jù, torí aláǹgbá a máa lá a.

Ó wá ku oúnjẹ. Kòkòrò ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ ọmọ rẹ̀, ẹ̀fọ́ ló pọ̀ jù nínú ti àgbà. Èyí tí kò tíì pé oṣù 5, ẹ fún un ní kòkòrò lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìwọ̀n tó bá lè jẹ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15. Láti ìgbà náà títí yóò fi pé ọdún kan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó. Àgbà, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá yóò bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa gbé ẹ̀fọ́ gígé wẹ́wẹ́ síwájú gbogbo wọn lójoojúmọ́, bí ọmọ rẹ̀ kò tilẹ̀ kà á sí. Ewé collard, ewé mọ́sítádì àti ewé dandelion dára. Elégédé lè tẹ̀ lé wọn. Lẹ́túùsì funfun, omi lásán ni. Spinach ń di kálísíọ̀mù mú, kò sì yẹ lójoojúmọ́. Píà (avocado) kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tanátaná: ẹyọ kan lè pa á.

Ìrẹ̀, aáyán Dubia àti ìdin black soldier fly ni kòkòrò tó dára. Kí èyíkéyìí má gùn ju àlàfo àárín ojú aláǹgbá náà méjèèjì lọ. Ẹ bọ́ àwọn kòkòrò náà dáadáa fún wákàtí 24 kí wọ́n tó di oúnjẹ, torí ohun tó wà ní ikùn wọn ni aláǹgbá yóò jẹ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ìrẹ̀ ju kálísíọ̀mù inú rẹ̀ lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ́n lúbúlúbú kálísíọ̀mù sí i lára: ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ fún ọmọ, ọjọ́ 2 tàbí 3 fún àgbà. Lúbúlúbú olóríṣiríṣi fítámì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Oúnjẹ ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ṣáájú pípa iná ní wákàtí 2, kí ooru lè bá a dà á. Ẹ kó ìrẹ̀ tó kù jáde, torí wọ́n máa ń bu aláǹgbá jẹ lóru.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má máa gbé e kiri. Ó lè má jẹun púpọ̀, ikùn rẹ̀ sì lè ní ìlà dúdú. Ìpayà ibùgbé tuntun ni. Ẹ fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àgbà tó ṣì tẹ̀wọ̀n lè jẹun díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọmọ tó ń rù kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, torí ó lè gbé kòkòrò àrùn Salmonella láìṣàìsàn, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 máa bá a ṣeré.

Bó bá yanu lábẹ́ gílóòbù ooru, ó ń jẹ́ kí ooru jáde ni. Bó bá yanu ní òpin tó tutù, tí itọ́ yíyi wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rírọ̀, ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n àti ẹ̀yìn tó tẹ̀ jẹ́ àmì àìtó kálísíọ̀mù nínú egungun. Lúbúlúbú nìkan kò lè tún un ṣe mọ́. Dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa afàyàfà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà. Kódà bí ara rẹ̀ bá le, ẹ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ tútù lọ sọ́dọ̀ dókítà náà láàárín oṣù àkọ́kọ́, kó yẹ aràn àti coccidia, kòkòrò àrùn tíntìntín inú ìfun, wò.