Jíjò mẹ́mọ́rì nínú kọ̀ǹpútà

Jíjò mẹ́mọ́rì ni àṣìṣe tó máa ń wáyé nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà kan bá gba àyè nínú RAM (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́), tó lò ó tán, tí kò sì dá a padà. Orúkọ yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà díẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń kán sílẹ̀ bí omi inú ìkòkò tó lu. Ó jọ aládùúgbò tó ń wá yá àga lójoojúmọ́, tí kì í dá ẹyọ kan padà: àga kò sọnù, àmọ́ àlejò tó dé kò rí ibi jókòó.

Nínú C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí Dennis Ritchie ṣe ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní nǹkan bí ọdún 1972, ẹni tó ń kọ ètò ló máa fi malloc gba àyè, òun náà ló máa fi free dá a padà. Bó bá gbàgbé free nínú iṣẹ́ tí ètò ń ṣe léraléra, gbèsè á máa ga. Java, JavaScript àti Python ní akópàǹtí (garbage collector) tó ń dá àyè tí ètò kò lò mọ́ padà fúnra rẹ̀, ọgbọ́n tí John McCarthy kọ́kọ́ dá fún èdè Lisp ní nǹkan bí ọdún 1959. Síbẹ̀ wọn ò bọ́ lọ́wọ́ jíjò, torí akópàǹtí kì í kó ohun tí ètò ṣì dì mú, ì báà má lò ó mọ́ láé.

Ọṣẹ́ tó lè ṣe kò kéré. Ní ọdún 1992, iléeṣẹ́ áńbúláǹsì ìlú London bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà pín ọkọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, ètò náà dákú. Ìwádìí fi hàn pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rán ọkọ̀ jáde ni ó ń gba mẹ́mọ́rì bíńtín tí kò dá padà, títí gbogbo rẹ̀ fi tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nínú kọ̀ǹpútà ilé, bí RAM bá kún, ẹ̀rọ á máa kó ẹrù lọ sórí dísíìkì, tó lọ́ra jù ú lọ fíìfíì, gbogbo nǹkan á wá máa wọ́. Àmọ́ mẹ́mọ́rì tó kún nìkan kọ́ ni àmì jíjò; Windows àti Linux mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àyè tó ṣófo tọ́jú ohun tí wọ́n lè tún nílò. Àmì tòótọ́ ni iye tó ń gòkè láìsí iṣẹ́ tuntun, tí kì í sọ̀ kalẹ̀. Task Manager ló ń fi í hàn lórí Windows (Ctrl, Shift àti Esc papọ̀), Activity Monitor lórí Mac, top lórí Linux. Nínú aṣàwákiri Chrome, tí a fi ń wo ìkànnì, lórí Windows, Shift àti Esc ń fi tábù tó ń jẹ ẹ́ hàn.

Bí ẹni tó ń lò ó bá ti ètò náà pa pátápátá, Windows tàbí Linux á gba gbogbo ohun tó yá padà. Bí aṣàwákiri ló ń jò, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí àwọn àfikún rẹ̀, kí a pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Firefox 15, tó jáde ní 2012, dí ọ̀pọ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀. Lórí Windows 10 àti 11, Restart sàn ju Shut down lọ, nítorí bí a bá lo Shut down, Fast Startup, ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ tètè tàn, máa ń tọ́jú apá kan mẹ́mọ́rì di ìgbà tí a bá tún tan ẹ̀rọ. Ríra RAM kún un kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni. Áàpù tó ń pe ara rẹ̀ ní afọ-mẹ́mọ́rì kò sì wúlò, torí kò lè tún ètò elòmíràn kọ. Ẹni tó kọ ètò ló lè dí ihò náà, ẹ̀dà tuntun ló sì máa ń gbé àtúnṣe rẹ̀ wá.