Ta ló ń wádìí alágbàtọ́ l'Abẹ́òkúta?

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́ lábẹ́ òfin l'Abẹ́òkúta kì í lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí kó ní kí wọ́n gbé ọmọ fóun. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di òfin tirẹ̀ ní 2006, fi àṣẹ náà sọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ ìdílé. Àwọn wẹ́fíà ìjọba ló sì ń bá ilé-ẹjọ́ ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀.

Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí tàbí afidáfíìtì, fọ́tò, ìwé àyẹ̀wò ara láti ọsibítù ìjọba: ẹni tó ń tọrọ ọmọ ló ń kó gbogbo èyí wá. Àwọn ìwé yìí kì í ṣe ìwádìí. Lẹ́tà pásítọ̀ tàbí ti lèmọ́mù náà kì í ṣe ìwádìí. Ta ni í lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tí yóò bà á jẹ́?

Wẹ́fíà tó mọṣẹ́ kì í jókòó sí pálọ̀ mu mínírà kó máa lọ. Bó bá dé ilé kan n'Ítòkú, yóò ní kí wọ́n fi ibi tí ọmọ yóò máa sùn han òun. Ta ló tún ń sùn níbẹ̀? Àbúrò ọkọ tó ń wá lópin ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, ṣé ó ń lọ sílé ìwé, àbí òun ló ń kiri ọjà?

Ọlọ́pàá lè fúnni níwèé-ẹ̀rí ìwà. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, náà ní àkọsílẹ̀ àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀, òfin VAPP ti 2015, tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, sì ní kí aráàlú lè rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí mọ̀lẹ́bí bá ti parí sí yàrá kò lè dénú ìwé kankan. Ìdí nìyí tí ẹnu aládùúgbò fi wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ní England, àjọ tó ń fi ọmọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ló ń rí sí i pé gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 18 nínú ilé náà gba àyẹ̀wò DBS, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹnì kan ti dá ẹ̀ṣẹ̀ rí.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ láàárín wa ni ọmọ tí wọ́n mú láti abúlé wá bá àǹtí rẹ̀ ní Láfẹ́ńwá. Irú rẹ̀ kì í dé iwájú adájọ́, wẹ́fíà kì í sì í gbọ́ àfi bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Òbí tó fi í ránṣẹ́ nìkan ló kù tó lè wádìí.