Ìwọ̀n ikú ọmọ ọwọ́ obìnrin ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà

Ìwọ̀n ikú ọmọ ọwọ́ obìnrin ni iye ọmọbìnrin tó kú kí wọ́n tó pé ọdún kan, nínú 1,000 ọmọbìnrin tí a bí láàyè. A kì í ka òkú ọmọ tí a bí mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó ké lẹ́ẹ̀kan péré kó tó dákẹ́ wà nínú rẹ̀. UNICEF, Àjọ Ìlera Àgbáyé, Báńkì Àgbáyé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló jọ ń ṣírò rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Ní Tùnísíà, Líbíà, Mòrókò, Seychelles àti Mauritius, iye náà kò tó 20. Ní Sàró, Sòmálíà, Ṣáàdì àti Nàìjíríà, ó lé ní 50. Gánà, Kẹ́ńyà àti Rùwáńdà wà láàrin méjèèjì. Ti Rùwáńdà ló yẹ kéèyàn wò dáadáa: lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994, ó fi òṣìṣẹ́ ìlera sí abúlé gbogbo, ikú ọmọdé sì já wálẹ̀ kíákíá.

Ní Áfríkà, ọmọ ọwọ́ ọkùnrin ló ń kú ju obìnrin lọ. Bí oṣù ọmọkùnrin kò bá pé kí a tó bí i, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í tètè gbó bíi ti obìnrin. Àìsàn sì tètè ń rí i gbé ṣe. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ àárín akọ àti abo kì í sábà tó 15 nínú 1,000, ti àárín Tùnísíà àti Sàró sì ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Nítorí náà, ibi tí wọ́n bí ọmọbìnrin sí wúwo ju jíjẹ́ tó jẹ́ obìnrin lọ. Níbi tí iye obìnrin bá ti bá ti ọkùnrin dọ́gba, ó yẹ kí a fura pé wọn kì í tọ́jú ọmọbìnrin tó bó ṣe yẹ.

Àìpé oṣù, ìnira ìrọbí, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ló ń pa wọ́n jù. Nínú ìwádìí ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní 2018, ọmọ 67 nínú 1,000, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Nínú ìwádìí kan náà, ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jẹ́ 62 ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, tí Òṣogbo wà, àti 187 ní Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá.

Níwọ̀n bí a kì í ti í kọ ọ̀pọ̀ ikú ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ níbì kankan, ẹnu àwọn ìyá ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn nílẹ̀ Yorùbá, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí olùwádìí bá wọ agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, kò ní béèrè pé "Ọmọ mélòó lẹ bí?" kó sì tán síbẹ̀. Yóò bèèrè ọmọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú yín, ọmọbìnrin tó ń gbé pẹ̀lú yín, àwọn tó wà níbòmíràn, lẹ́yìn náà àwọn tí kò sí mọ́, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Yóò tún ní: "Ǹjẹ́ ọmọ kan wà tó ké, tàbí tó mí, àmọ́ tí kò dúró?" Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, èyí tó bá lọ kí ọjọ́ náà tó pé kò ní orúkọ tí a lè fi rántí rẹ̀.

Ọjọ́ orí tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá lè sọ pé ọdún Ọ̀ṣun ku díẹ̀ nígbà tọ́mọ lọ. Olùwádìí á sì máa ṣírò oṣù láti Ògọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣọdún náà. Àwọn mìíràn kàn máa ń sọ pé "ó tó ọdún kan," bí ọmọ tilẹ̀ lo oṣù mẹ́wàá péré. Bí wọ́n bá kọ oṣù 12 sílẹ̀, ọmọ náà ti bọ́ kúrò nínú ikú ọmọ ọwọ́, ó di ti ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin.